Ta Ni Ó Ni Ẹ̀rọ Tí A Fi Owó Rà?

Orúkọ ni àwọn tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ fi ṣẹ́gun wa. Bí wọ́n bá mú ètò tuntun wá láti fi rọ́pò èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ wa, wọ́n á ní ìgbéga ni. Bí ètò tuntun náà bá wá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí a sì dá ti àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀, wọ́n á ní ìrẹ̀sílẹ̀ ni. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti dá ẹjọ́ náà kí ẹlẹ́jọ́ tó dé kóòtù? Ta ni yóò fẹ́ kí aráyé gbọ́ pé òun rẹ ara òun sílẹ̀? Àwọn baba wa kò fi ojú bẹ́ẹ̀ wo ìpadàbọ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń lọ sí oko, tí ó bá odò tí ó kún dí ọ̀nà, tí ó sì yí padà sí ilé, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó ṣubú. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí ọmọdé bá sì ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Ohun tí mo fẹ́ jà fún kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ láti kọ ohun tuntun tí wọ́n fẹ́ fi sí inú rẹ̀. Bí ó bá sì ti gbà á, tí kò bá a lára mu, ó ní ẹ̀tọ́ láti padà sí ibi tí ó ti ń bọ̀, láìsan owó ìtanràn, láìpàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, láìgba ẹ̀gàn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwọn kan yóò bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí ń wá nínú ìwé tí ó dá lórí àṣà, nígbà tí ó jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ fi ara balẹ̀. A máa dé ibẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ètò kan wà tí ó jẹ́ olórí fún gbogbo ètò yòókù. Òun ni ó ń jí ẹ̀rọ náà nígbà tí a bá tàn án, òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀yà ara rẹ̀ gbogbo, òun ni ó mọ ibi tí a kó ìwé wa pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ètò adarí. Ó dà bí baálé nínú agbo ilé. Bí a bá yọ baálé kan, tí a fi òmíràn jẹ, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn nínú ilé, àti onílé àti ayálégbé.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Microsoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé Windows Vista jáde fún gbogbo ènìyàn, láti rọ́pò Windows XP tí ó ti wà láti oṣù Kẹwàá ọdún 2001. XP lè ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 64 MB lọ. Vista kò gbà kí ó dín ní 512 MB. Ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn, èyí tí ó kéré jù nínú Vista ni mo sì sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí gbogbo ẹwà tí wọ́n ń polówó gbọ́dọ̀ ní ìlọ́po méjì èyí. Ẹ̀rọ tí ó ti ń sáré bí ẹtu wá di ìgbín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní àléébù kankan kò gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà mọ́, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é kò tíì kọ ètò kékeré tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ láàárín òun àti Vista. Ní ọdún 2006, kí Vista tó jáde, wọ́n ti lẹ àmì mọ́ ara àwọn kọ̀ǹpútà kan pé wọ́n lè gbé e. Nígbà tí ó yá ni àwọn tí ó rà wọ́n rí i pé Vista tí ó rẹlẹ̀ jù lọ nìkan ni apá ẹ̀rọ wọn ká. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Seattle ní ọdún 2007.

Kí ni àwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n padà. Ní ọdún 2008, ìwé ìròyìn InfoWorld kọ ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má pa XP. Ó ju 200,000 ènìyàn lọ tí ó fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà. Wọ́n dẹ́kun títa XP ní ìsọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe: wọ́n jẹ́ kí a máa ta XP lọ lórí àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kéékèèké olówó pọ́ọ́kú títí di ọdún 2010, nítorí pé ẹrù Vista wúwo jù fún wọn. Àwọn tí ó ń pe ìpadàbọ̀ ní ìrẹ̀sílẹ̀ mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ wà tí ti àtijọ́ bá lára mu ju ti tuntun lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èyí tí ó dùn mí jù nínú ìtàn Vista kò tíì jáde lẹ́nu mi. Nínú àdéhùn tí wọ́n kọ, ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ tí Vista Business tàbí Vista Ultimate wà nínú rẹ̀, àwọn èyí tí owó wọn ga, ní ẹ̀tọ́ láti padà sí XP Professional. Ẹni tí ó bá ra Vista ti inú ilé, tí ó jẹ́ ti mẹ̀kúnnù, kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Olówó ní ọ̀nà àbọ̀. Tálákà kò ní. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tálákà ni ó máa ń gbó jù, tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ máa ń kéré jù, tí ẹrù tuntun sì máa ń wọ̀ lọ́rùn jù. Ní ilẹ̀ wa, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: ayédèrú dísíìkì XP di ọjà, tọlọ́rọ̀ tòtòṣì sì ń rà á. N kò ní sọ pé ó dára. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò kò gbọdọ̀ pariwo bí àlejò bá gba ojú fèrèsé jáde.

Àní, ti Vista tilẹ̀ sàn, nítorí ẹni tí kò bá ra Vista, Vista kò wá a wá sí ilé. Ti ọdún 2015 ni ó burú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún náà ni Windows 10 jáde, wọ́n sì ní ọ̀fẹ́ ni fún ọdún kan gbáko fún ẹni tí ó bá ń lo Windows 7 tàbí 8.1. Ọ̀fẹ́ dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú ẹ̀bùn wá kí ni kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n ń kó ẹrù ètò tuntun náà, gígábáìtì mélòó kan, sínú ẹ̀rọ àwọn ènìyàn kan tí kò béèrè fún un, kí ó lè wà ní ìmúrasílẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́. Lójú ẹni tí ó ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù ní Amẹ́ríkà, èyí lè má jẹ́ nǹkan. Lójú ẹni tí ó ń ra dátà ní ìwọ̀n-ìwọ̀n bí ẹni ń ra epo pupa, owó ni wọ́n yọ ní àpò rẹ̀.

Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n ṣe èyí tí ó ju ìyẹn lọ. Ó ti pẹ́ tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé àmì X tí ó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà túmọ̀ sí pé n kò fẹ́, gbé e kúrò níwájú mi. Lórí ìwé ìpè Windows 10, wọ́n yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n ti fi ọjọ́ àti wákàtí sí ìgbéga náà. Ẹni tí ó bá tẹ X, tí ó rò pé òun ti kọ̀, wọ́n kà á sí ẹni tí ó gbà. Àfi bí ìgbà tí wọ́n wá tọrọ ìyàwó, tí ọmọbìnrin mi orí pé rárá, tí àwọn àlejò sì ní orí tí ó mì yẹn ti tó, ó ti gbà. Lẹ́yìn ariwo ni wọ́n tó fi ọ̀nà ìkọ̀sílẹ̀ tí ó hàn kedere sí i.

Obìnrin kan wà ní Kalifóníà tí ó ń bá àwọn arìnrìn-àjò ṣètò ìrìn-àjò wọn. Ó ní òun kò gbà kí Windows 10 wọ inú ẹ̀rọ òun, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Ìgbéga náà kò yọrí. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá ń falẹ̀, ó ń dákú, ó ń jí, ọjọ́ ń gorí ọjọ́ tí kò lè fi ṣiṣẹ́ ajé. Ó gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ kékeré, ilé ẹjọ́ náà sì dá 10,000 dọ́là fún un. Wọ́n kọ́kọ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì tún fà sẹ́yìn ní ọdún 2016. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi, pé àwọn kàn fẹ́ yẹra fún ìnáwó ẹjọ́ ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ni nínú wa tí ó ní kóòtù tí yóò gbọ́ irú ẹjọ́ yẹn?

Wọ́n lè dá mi lóhùn pé wọ́n fi ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Windows 10 máa ń ká ètò àtijọ́ jọ sínú àpò kan tí ó ń jẹ́ Windows.old, ẹni tí kò bá fẹ́ tuntun lè tẹ ibì kan kí ti àtijọ́ padà sórí oyè. Ní ọdún 2015, oṣù kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún èyí. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2016, wọ́n gé e kù sí ọjọ́ 10. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ náà yóò pa àpò yẹn rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 10! Ẹni tí ó lọ sìnkú òbí rẹ̀ ní ìlú kì í tíì padà dé ibi iṣẹ́. Olùkọ́ tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe èsì ìdánwò kò ní mọ̀ pé ètò ìṣirò rẹ̀ ti bàjẹ́ títí di ìparí sáà. Ẹni tí ó kọjá ọjọ́ 10 di ẹni tí yóò kó gbogbo ìwé rẹ̀ jáde sórí dísíìkì mìíràn, tí yóò wá dísíìkì ètò àtijọ́ kiri, tí yóò wá nọ́ńbà àṣẹ tí ó ti pa rẹ́ lára ẹ̀rọ, tí yóò nu ẹ̀rọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, tí yóò tún máa tọrọ àwọn ètò kéékèèké tí ó jẹ́ kí ohùn, àwòrán àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́. Bí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà bá ti kó àwọn ètò wọ̀nyí kúrò níbi tí ó pàtẹ wọn sí, a jẹ́ pé ó di wàhálà.

Àwọn tí ó ń fi ojú agbẹ̀yìn wo ẹni tí ó padà, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ Windows 8. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, Microsoft yọ bọ́tìnnì Start tí a ti mọ̀ láti ọdún 1995 kúrò. Aráyé figbe ta. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá ọdún 2013, wọ́n dá bọ́tìnnì náà padà. Ní ọdún 2015, wọ́n dá àtòkọ rẹ̀ náà padà. Ilé-iṣẹ́ náà rí i pé ọ̀nà dí, wọ́n sì yí padà sílé. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ìrẹ̀sílẹ̀. Wọ́n pè é ní ẹ̀dà tuntun, wọ́n sì tún tà á.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó ká lára jù. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí kọ̀ǹpútà ń wọ yunifásítì àti ilé ìtẹ̀wé wa, kò rọrùn rárá láti fi í kọ lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́ tí ó sì ní àmì lórí. Ohun tí àwọn onímọ̀ wa ṣe ni pé wọ́n gba ipò àwọn àmì tí a kò lò, bí àmì owó ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì fi lẹ́tà wa jókòó síbẹ̀. Ọgbọ́n tí ó dára ni, ó sì gbà wá nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣe tirẹ̀ níhìn-ín, ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì náà wà, ìwé náà mọ́ gaara. Lórí èyí tí kò ti sí, ó di àmì owó àti ilà játijàti tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Àkójọ òwe wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìlú wà níbẹ̀, àti oríkì tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí ó ti kú. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí ó ṣì ní ètò àtijọ́ àti fọ́ǹtì àtijọ́ nínú lè jẹ́ òun nìkan ni ó kù láyé tí ó lè ka ìwé kan. Bí ọmọ wa kan tí ó fẹ́ràn ohun tuntun bá wọlé, tí ó ní bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ẹ̀rọ yìí ga, tí ó sì nu dísíìkì rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ni a ó sọ fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn?

Òtítọ́ gbọdọ̀ jẹ́ sísọ pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ gbè mí. Vista yìí kan náà tí gbogbo ayé ń sá fún ni ó ka Yorùbá mọ́ àwọn èdè tí Windows dá mọ̀. Nínú ìlànà Unicode, tí ó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní, ọ̀ kò ní. A níláti gbé àmì ohùn lé lẹ́tà náà lórí, kí ètò adarí àti fọ́ǹtì sì mọ bí a ti ń gbé e. Àwọn ètò àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n gbé dáadáa: àmì ohùn a máa yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí fìlà ọ̀mùtí. Nítorí náà n kì í ṣe ọ̀tá ohun tuntun. Ẹni tí ó ń kọ Yorùbá lónìí jẹ gbèsè ọpẹ́ fún ètò tuntun. Ṣùgbọ́n gbèsè ọpẹ́ kì í sọ ènìyàn di ìwọ̀fà.

Àwọn alátakò mi ní ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ààbò. Wọ́n ní ètò àtijọ́ dà bí ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti jẹrà, pé ẹni tí ó bá padà sí i ń pe olè. Wọn a sì mú WannaCry wá bí àpẹẹrẹ, àrùn kọ̀ǹpútà tí ó tàn ká ayé ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tí ó dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní àwọn olórí kunkun tí kò kúrò lórí XP ni ó fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Windows 7 ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ tí àrùn náà mú, Windows 7 sì jẹ́ ètò tí ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń tọ́jú nígbà náà. Àtúnṣe rẹ̀ ti jáde ní oṣù Kẹta, àwọn ènìyàn kò fi sí i ni. Ti XP ńkọ́? Láti oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n ti ní ìtọ́jú rẹ̀ dópin. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú oògùn XP jáde fún gbogbo ènìyàn. Báwo ni wọ́n ṣe yára tó bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí ó wà lára oògùn náà fi hàn pé oṣù Kejì ni wọ́n ti pò ó tán, fún àwọn oníbàárà ńlá tí ó ń san owó ìtọ́jú àkànṣe. Oògùn wà nínú ìkòkò. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ni wọn kò bù fún.

Mo gbà pé ẹni tí ó bá padà sí ètò tí wọn kò tọ́jú mọ́ kò gbọdọ̀ fi í ṣe iṣẹ́ báńkì. Kí ó tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Ṣùgbọ́n dídí òrùlé tí ó ń jò yàtọ̀ sí lílé onílé jáde kúrò nínú ilé rẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń fi ọ̀kan tà wá ní èkejì.

Ibi tí ìsopọ̀ yìí gbé wa dé ni a rí ní ọdún 2021. Windows 11 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún náà, kò sì gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú ọdún 2017. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọdún kan sí i níláti san 30 dọ́là, tàbí kí ó gba àwọn májẹ̀mú kan. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Canalys ti ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2023 pé nǹkan bí 240 mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà lè tipa bẹ́ẹ̀ di ìdọ̀tí. Níbo ni wọn yóò kó wọn lọ? Ní ọdún 2005, Basel Action Network tẹ ìròyìn jáde nípa èbúté Èkó, pé nǹkan bí 500 àpótí ńlá tí ó kún fún àlòkù ẹ̀rọ ni ó ń wọlé lóṣooṣù, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ṣe é tún ṣe. Èéfín wọn ni àwọn ọmọ wa ń fà símú ní ààtàn. Kọ̀ǹpútà tí kò ní àrùn kankan lára yóò dé ọ̀dọ̀ wa bí òkú, nítorí pé ẹnìkan tí ó jìnnà sí wa ti kéde pé ó ti kú.

A kò níláti gba ìkéde yẹn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ni ètò adarí tí ń jẹ́ Ubuntu ti wà, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni ó dá a sílẹ̀, orúkọ Áfíríkà ni ó sì ń jẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yà rẹ̀ tí ó fúyẹ́ sì wà tí apá ẹ̀rọ àtijọ́ ká. Ní ti àwọn tí ó ń ta ètò, kí wọ́n fún wa ní ọdún kan láti padà, kì í ṣe ọjọ́ 10. Kí wọ́n yọ àtúnṣe ààbò kúrò lára ìgbéga, kí a lè gba ọ̀kan kí a kọ èkejì. Kí X sì máa jẹ́ rárá. Kí ìjọba tí ó ń gba owó bodè lórí tòkunbọ̀ béèrè èyí lọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí Yúróòpù ti ń béèrè tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ní ìwé Yorùbá nínú, tí ẹ kọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án ná. Ẹ tẹ ìwé náà sórí tákàdá, gbogbo rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì ń jí. Ẹ fi ẹ̀dà fáìlì àti fọ́ǹtì náà pamọ́ sí ibi méjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe ọmọ tí ó mọ Unicode kí ó wá bá yín yí i padà, kí ó sì jókòó tì yín bí ẹ ti ń kà á ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.